Ìṣẹ́jú Méjìlélógún Tí Olúdayọ̀ Fi Sọ̀rọ̀ Bọ́ọ̀lù

Ọdún méjìdínlógún ni Olúdayọ̀ Adétúnbọ̀ fi wa bọ́ọ̀sì ní Barking àti Dagenham. Kò sí ibùdókọ̀ kan láàárín Becontree Heath àti Upney tí kò lè kà lórí. Àwọn èrò ọkọ̀ mọ̀ ọ́n sí ẹni tí kì í sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá kí i, yóò mi orí. Bí wọ́n bá dúpẹ́ nígbà tí wọ́n ń bọ́ sílẹ̀, yóò gbé ìka méjì sókè láti orí sítíárìn, ó tán. Àwọn dírẹ́bà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jẹ́ ọmọ Nàìjíríà máa ń sọ pé ọkùnrin Ẹ̀gbá yìí ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ ná. Wọn ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni ó fi jẹun kó tó dé Lọ́ńdọ̀nù.

Morónkẹ́, ìyàwó rẹ̀, mọ̀. Láti ọdún 1989 títí di 1998, Olúdayọ̀ wà lára àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Abẹ́òkúta, eré bọ́ọ̀lù sì ni iṣẹ́ tirẹ̀. Bí ẹgbẹ́ méjì bá ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́sàn-án Sátidé, àwọn ènìyàn á kóra jọ sí ìdí rédíò ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ àti ní gáréèjì, ohùn Olúdayọ̀ ni wọ́n fi ń wo bọ́ọ̀lù náà. Ó lè sọ ibi tí bọ́ọ̀lù wà débi pé ẹni tó wà nílé yóò yí orí tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, ní òpin ọdún 1998, ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, òun àti Morónkẹ́ wọ bàálù wá sí Lọ́ńdọ̀nù, kò sì fọwọ́ kan máíkì mọ́. Kódà ní ìjọ Aládùúrà tí wọ́n ń lọ ní Dagenham, bí wọ́n bá ní kí Bàbá Adétúnbọ̀ wá ka Bíbélì síwájú, yóò ní ọ̀fun ń dun òun.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Ọmọ́lẹ́wà. Ọdún 2000 ni wọ́n bí i. Ó yára, ó lè sáré, eré sísá náà ló sì gbé e dé Amẹ́ríkà nígbà tó pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, torí pé yunifásítì kan níbẹ̀ fẹ́ kó wá máa sáré fún àwọn. Ohun tí Ọmọ́lẹ́wà mọ̀ nípa iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ṣe nílé kò ju pé ó ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba kan lọ. Kò bi í jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí ìhín kì í sábà béèrè.

Láàárín àkókò yẹn náà ni ojú Olúdayọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùnà. Láti ẹ̀gbẹ́ ló ti kọ́kọ́ ṣú, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń wo òde láti inú páìpù. Dókítà sọ fún un pé ìfúnpá inú ẹyinjú ti ba iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ jẹ́, àti pé èyí tó ti lọ kò ní padà. Ní ọdún 2019, ó dá káàdì iṣẹ́ rẹ̀ padà. Nígbà tí yóò fi di 2022, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé nìkan ló kù tó ń rí, ìyẹn náà bí ẹní ń wo inú omi ògì.

Ọdún 2022 yẹn ni Ọmọ́lẹ́wà pè láti Amẹ́ríkà pé òun ti rí iṣẹ́. Inú rẹ̀ dùn, ọ̀rọ̀ ń já lu ara wọn lẹ́nu rẹ̀.

"Dádì, rédíò ni o. Ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù kan ní Corbin Falls. Ẹgbẹ́ tó ń gbowó ni, kì í ṣe ti ọmọ ilé ìwé. Lékelèké ni wọ́n ń pè wọ́n, ẹyẹ yẹn gan-an ló wà lára fìlà wọn. Èmi àti bàbá àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Jonah la ó jọ máa sọ̀rọ̀ eré náà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń ṣe é."

Olúdayọ̀ gbé fóònù kúrò létí, ó tún gbé e padà.

"Nínú gbogbo iṣẹ́ tó wà láyé," ó sọ, ó sì na fóònù sí Morónkẹ́.

Fún oṣù mẹ́wàá gbáko, kò bá ọmọ náà sọ ju "Ṣé dáadáa ni?" lọ. Ọmọ́lẹ́wà rò pé bésíbọ́ọ̀lù ni bàbá òun kò ka sí iṣẹ́. Ó sunkún fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Morónkẹ́ rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tó mọ̀. Ó ti ṣèlérí fún ọkọ rẹ̀ láti Abẹ́òkúta pé òun kò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ó sì jẹ́ obìnrin tí kì í yẹ àdéhùn.

Ohun tó lè ṣe ló ṣe. Nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè kan ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, sùtánà funfun ọkọ rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí òpópónà. Morónkẹ́ ti kọ́ lọ́dọ̀ Fọlá, ọmọbìnrin kan nínú ìjọ wọn, bí a ṣe ń wá rédíò Corbin Falls lórí fóònù. Ohùn kan náà tí rédíò ìlú kékeré yẹn ń gbé jáde, ó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ níbikíbi. Aago kan ọ̀sán ní Corbin Falls jẹ́ aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ní Becontree Heath. Ó gbé fóònù náà sórí tábìlì, ó yí ohùn rẹ̀ sókè, ó sì wọ inú kíṣìnì lọ.

Olúdayọ̀ gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ na ọwọ́ láti pa fóònù náà. Kò pa á.

Kò mọ nǹkan kan nípa eré náà. Ṣùgbọ́n ó fetí sí i, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń yé e. Ẹnì kan dúró sórí òkìtì kékeré láàárín pápá, ó ń ju bọ́ọ̀lù líle kan tí kò tóbi ju ọsàn lọ. Ẹnì kejì di igi mú, ó fẹ́ gbá a. Bó bá gbá a dáadáa, yóò sáré gba igun mẹ́ta kọjá kó tó padà sílé, ìyẹn ni ayò kan. Abala mẹ́sàn-án ni eré náà, kò ní aago tó ń lé e. Jonah, bàbá àgbàlagbà náà, ní ohùn tó rọra ń lọ bí ọkọ̀ tí kò kánjú. Ọmọ́lẹ́wà ní tirẹ̀ ń sáré. Olúdayọ̀ gbọ́ bó ṣe ń sáré, ó sì ń mi orí.

Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí Morónkẹ́ bá òun pe ọmọ náà.

"Ọmọ́lẹ́wà."

"Dádì?" Ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ń retí ìbáwí.

"Lánàá, ní abala kẹrin, o ní ọkùnrin kan gbá bọ́ọ̀lù lọ síbẹ̀ yẹn. Níbo ni ibẹ̀ yẹn?"

"Ẹ gbọ́ ọ? Ẹ gbọ́ eré mi?"

"Mo bi ẹ́ léèrè."

"Apá ọ̀tún, Dádì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri."

"Kí ló dé tí o ò sọ bẹ́ẹ̀? Ẹni tó ń gbọ́ ẹ kò rí pápá. O ò lè na ìka sí nǹkan fún un. Ìkejì, o pẹ́ kí o tó sọ iye ayò. Ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ mọ́tò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọjà, ó ṣí rédíò, ó fẹ́ mọ ta ló ń borí. Ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú méjì-méjì, sọ ọ́. Ìkẹta, bí àwọn ènìyàn bá ń pariwo, dákẹ́, jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ariwo náà."

"Dádì, níbo lẹ ti mọ gbogbo èyí?"

"Mo máa ń gbọ́ rédíò nígbà èwe mi," ni Olúdayọ̀ wí.

Bó ṣe di àṣà nìyẹn. Sọ́ńdè ni eré, Mọ́ńdè ni ìpè. Morónkẹ́ máa ń gbọ́ ọ láti kíṣìnì, bàbá àti ọmọ, wọ́n á máa fa ọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń sọ pé bọ́ọ̀lù ń yí nílẹ̀ àti bí a ṣe ń sọ pé ó ń fò. Jonah pàápàá kíyè sí i. Ó bi Ọmọ́lẹ́wà pé ta ló ń kọ́ ọ, ọmọ náà ní bàbá òun ni, dírẹ́bà bọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Jonah ní dírẹ́bà yẹn ti jókòó sídìí máíkì rí. Ọmọ́lẹ́wà rẹ́rìn-ín, kò gbà á gbọ́.

Ó di oṣù Keje ọdún 2025. Jonah ti lọ ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún, Ọmọ́lẹ́wà nìkan ló wà nídìí máíkì lọ́jọ́ Sọ́ńdè náà. Oòrùn ṣì wà níta ní Becontree Heath, àwọn ọmọ aládùúgbò ń gun kẹ̀kẹ́ lójú títì. Abala kẹfà ni wọ́n wà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Eli ló ń ju bọ́ọ̀lù fún àwọn Lékelèké. Olúdayọ̀ fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé Ọmọ́lẹ́wà ti sọ nígbà kan pé ó máa ń tún bàtà rẹ̀ so kó tó ju bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan.

Ó gbọ́ tí igi ba bọ́ọ̀lù. Ohùn mìíràn tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀, ohùn kúkurú kan tí kò jọ ti igi. Lẹ́yìn náà, gbogbo pápá dákẹ́.

Ọmọ́lẹ́wà náà dákẹ́. Olúdayọ̀ ka aago lọ́kàn: ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́fà.

"Eli ti ṣubú," ni ohùn ọmọ rẹ̀ wí. Kò sáré rárá. "Bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá padà bà á ní ẹ̀gbẹ́ orí, lókè etí ọ̀tún. Ó dojú bolẹ̀ lórí òkìtì. Kò tíì mira."

Olúdayọ̀ ti dìde dúró. Ó mọ̀ pé lákòókò yẹn, ẹnì kan ń bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ etí rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n bí ẹni pé etí tirẹ̀ ni ẹ̀rọ náà wà. Ó gbọ́ tí Ọmọ́lẹ́wà sọ, níwájú gbogbo ayé tó ń gbọ́, pé, "Rárá. Mi ò ní lọ sí ìpolówó ọjà."

Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ó ṣeé ṣe kí ẹbí ọmọkùnrin yìí wà nínú yín. Ohun tí mo bá rí ni màá sọ. Ohun tí mi ò bá rí, mi ò ní sọ ọ́. Dókítà ẹgbẹ́ ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn méjì ń sáré bọ̀ láti apá òsì. Wọ́n ti di ọrùn rẹ̀ mú, wọ́n ń yí i padà. Ẹ̀jẹ̀ wà, kò pọ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ mira. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: ọwọ́ òsì rẹ̀ mira."

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni wọ́n fi wà lórí pápá kí ọkọ̀ áńbúláǹsì tó gbé e jáde. Láàárín ìṣẹ́jú mọ́kànlá yẹn, Ọmọ́lẹ́wà kò fi ọ̀rọ̀ kankan kún un, kò sì yọ nǹkan kan kúrò. Ó sọ ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ náà gbà wọlé. Ó sọ pé ojú ọmọkùnrin náà là. Nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ, ó sọ orúkọ ọsibítù tí wọ́n ń gbé e lọ, lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹni tó bá fẹ́ lọ lè mọ ọ̀nà.

Morónkẹ́ jáde láti kíṣìnì, ó bá ọkọ rẹ̀ lórí ìdúró, ó di aṣọ fèrèsé mú ní ọwọ́ méjèèjì. Omi ń ṣàn lójú tí kò ríran.

"Ìyá Ọmọ́lẹ́wà," ó ní, "ó sọ ọ́. Ọmọ yìí sọ ọ́."

Ní bíi wákàtí méjì lẹ́yìn náà ni Ọmọ́lẹ́wà pè. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ohùn rẹ̀ ti há.

"Dádì, ṣé mo ṣe é dáadáa? Ọ̀gá tó wà ní rédíò ń bínú. Ó ní ó yẹ kí n lọ sí ìpolówó, kí n padà wá nígbà tí wọ́n bá ti gbé e kúrò. Ó ní mo dẹ́rù ba àwọn ará ilé rẹ̀. Ó ní bóyá wọ́n á yọ mí."

"Jókòó," ni Olúdayọ̀ wí. "Mo ní ohun kan láti sọ fún ẹ. Ìyá ẹ mọ̀ ọ́n. Ìwọ ni kò mọ̀ ọ́n."

Ó wá sọ ọ́. Ó sọ ibi tó ti ṣiṣẹ́ àti iṣẹ́ tó ṣe níbẹ̀. Ó sọ nípa Sátidé kan, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kọkànlá ọdún 1998, ní ìlú kan tí kò jìnnà sí Abẹ́òkúta, ìlú tí kò fẹ́ràn láti máa dárúkọ. Àwọn ẹgbẹ́ méjì ń gbá àṣekágbá ife ẹ̀yẹ kan. Aṣojú gómìnà ológun wà níbẹ̀. Èrò pọ̀ ju àyè lọ, àwọn tí kò rí ibi jókòó sì gun ògiri tó wà ní ìdojúkọ ibi tí Olúdayọ̀ wà. Ní ìdajì abala kejì, ògiri náà wó.

"Eruku ni mo kọ́kọ́ rí," ó ní. "Eruku pupa, ó bo igun pápá yẹn. Mo ti la ẹnu láti sọ ọ́. Ẹ̀rọ wà létí mi bíi tìẹ. Ọ̀gá mi ní, 'Dayọ̀, má dárúkọ ògiri kankan o. Bọ́ọ̀lù ni kó o máa sọ. Wọn ò dá eré dúró.' Lóòótọ́ ni, wọn ò dá a dúró. Àwọn tó wà ní apá kejì pápá kò tiẹ̀ mọ̀. Ìjọba ológun ni, Ọmọ́lẹ́wà. Ẹ̀rù bà mí. Iṣẹ́ mi ni mo rò, mo sì rò pé ó lè má tó nǹkan. Mo ń sọ bọ́ọ̀lù lọ."

"Fún ìgbà wo?"

"Ìṣẹ́jú méjìlélógún."

Olúdayọ̀ fọwọ́ wá àga, ó jókòó.

"Ènìyàn mọ́kànlá ló kú. Ìlú tó sún mọ́ pápá ni gbogbo wọn ti wá. Àwọn òbí wọn wà nílé, wọ́n ń gbọ́ mi. Mo ń sọ fún wọn pé eré ń lọ dáadáa."

"Dádì, ìdí tí ẹ fi bínú nígbà tí mo gba iṣẹ́ yìí nìyẹn."

"Mi ò bínú sí ẹ. Ẹ̀rù ló bà mí pé wọ́n á ti ẹnu ẹ̀rọ yẹn bá ìwọ náà sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan. Wọ́n bá ẹ sọ ọ́ lónìí. O ní rárá. Mi ò mọ bí mo ṣe lè kọ́ ẹ ní ìyẹn, torí pé mi ò mọ̀ ọ́n ṣe."

Nígbà tí ó sọ ọ́ tán, Morónkẹ́ dìde, ó wọ yàrá lọ. Ó padà pẹ̀lú àpò Bíbélì rẹ̀, ó sì fa àpòòwé kan tó ti pupa jáde láti inú rẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti ń gbé e kiri. Ọkọ rẹ̀ ní kó sun ún nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wá sí Lọ́ńdọ̀nù, kò sun ún.

"Ṣé kí n kà á kí ọmọ gbọ́?" ó béèrè.

Olúdayọ̀ mi orí.

Lẹ́tà náà kò gùn. Ó kà pé: "Ọ̀gbẹ́ni Adétúnbọ̀, èmi Abdulrasheed tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ni mo kọ ọ́. Mo ń gbọ́ yín lọ́jọ́ náà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹ ní bọ́ọ̀lù wà ní apá òsì. Ṣọ́ọ̀bù mi sí pápá yẹn, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni. Àwọn tó wà lọ́dọ̀ ọmọ mi Abdulafeez ní ó wà láàyè fún bíi ìdajì wákàtí, ó sì ń pè mí. Ká ní ẹ sọ ọ́ ni, mi ò bá ti dé ibẹ̀ kó tó dákẹ́. Mi ò bá yín jà. Mo kàn fẹ́ mọ ìdí tí ẹ kò fi sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn."

Wọ́n gbọ́ tí Ọmọ́lẹ́wà ń sunkún láti Corbin Falls.

"Ṣé ẹ dá a lóhùn?"

"Rárá," ni bàbá rẹ̀ wí.

"Àdírẹ́sì wà lórí ẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀," ni Morónkẹ́ dáhùn.

Eli kò kú. Ó lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún ní ọsibítù, etí ọ̀tún rẹ̀ kò gbọ́ràn mọ́, kò sì lè ju bọ́ọ̀lù mọ́ láéláé. Ìyá rẹ̀ wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn lọ́jọ́ náà, níbi tó jìnnà tó ìrìn wákàtí méje nínú mọ́tò, ó ń gbọ́ eré lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ rédíò náà pé bí òun ṣe ń gbọ́ pé ọwọ́ òsì rẹ̀ mira ni òun fi lè di sítíárìn mú títí òun fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àti pé nígbà tí wọ́n sọ orúkọ ọsibítù náà, òun ti wà lójú ọ̀nà. Jonah fi ọ̀pá rìn wọ ọ́fíìsì ọ̀gá rédíò, ó ní bí ọmọbìnrin náà bá lọ, òun náà á lọ. Wọn kò yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gá náà kò kí i mọ́ títí sáà eré náà fi parí.

Ní ti Olúdayọ̀, ó gba oṣù méjì kó tó lè ṣe ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ó máa ń ní lọ́la ni òun yóò wá ẹni tó kọ lẹ́tà náà. Morónkẹ́ kò ti í. Nígbà tó yá, Fọlá bá wọn wá ẹnì kan tó mọ ẹnì kan ní ìlú náà, wọ́n sì rí nọ́ńbà kan gbà. Lọ́sàn-án Túsìdeè kan ní oṣù Kẹsàn-án, Morónkẹ́ tẹ nọ́ńbà náà, ó fi fóònù sí ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ó sì jókòó tì í.

Obìnrin kan ló gbé e.

"Ẹ káàsán, mà. Mo ń wá Bàbá Abdulrasheed tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe."

"Bàbá mi ni. Wọ́n ti kú. Ọdún 2011. Èmi ni Ṣìfáwù, àkọ́bí wọn. Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

"Olúdayọ̀ Adétúnbọ̀ ni mo ń jẹ́. Èmi ni mo ń sọ bọ́ọ̀lù lórí rédíò lọ́jọ́ tí ògiri wó."

Ó gbọ́ tí ewúrẹ́ kan ń ké lẹ́yìn obìnrin náà, ó gbọ́ tí ẹnì kan ń fi omi fọ nǹkan.

"Bàbá mi retí lẹ́tà yín," ni Ṣìfáwù wí. Ohùn rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀. "Ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi ń lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ́jọ́ Fúráìdeè lẹ́yìn Jímọ̀. Nígbà tó yá, wọn ò lọ mọ́. Wọn ò gbọ́ bọ́ọ̀lù lórí rédíò mọ́ títí wọ́n fi kú."

"Ẹ̀rù bà mí," ni Olúdayọ̀ wí. "Ìdí tí mi ò fi sọ ọ́ nìyẹn. Wọ́n ní kí n má sọ ọ́, ẹ̀rù ìjọba àti ẹ̀rù iṣẹ́ mi bà mí, mo sì ń sọ bọ́ọ̀lù. Kò sí ìdí mìíràn. Ẹ̀rù náà ni kò jẹ́ kí n dá lẹ́tà náà lóhùn. Mo tọrọ àforíjì."

"Ẹ ò lè tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ mi, sà. Bàbá mi lẹ jẹ ní gbèsè ọ̀rọ̀ yẹn, wọn ò sì sí mọ́. Mi ò lè bá wọn gbà á."

"Mo gbọ́."

"Àmọ́ nǹkan kan wà tí ẹ lè ṣe." Ó mí kanlẹ̀. "Ní gbogbo ọdún, ní ọjọ́ yẹn, a máa ń pàdé nínú kíláàsì ní ilé ìwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, gbogbo ilé mọ́kànlá. A máa ń gbàdúrà. Kò sí ìgbà kankan tí ẹnikẹ́ni wá sọ fún wa bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ìwé ìròyìn ní ènìyàn mẹ́ta ló kú. Ìjọba ní kò ṣẹlẹ̀ bí a ṣe sọ ọ́. Ẹ̀yin wà níbẹ̀, ibi gíga lẹ jókòó sí. Ẹ wá sọ ọ́."

"Ojú mi ti fọ́, mà. Mi ò lè dá wá."

"Ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà nílé ìwé. A máa gbé fóònù sí i."

Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kọkànlá bọ́ sí Fúráìdeè. Ọmọ́lẹ́wà ti dé láti Amẹ́ríkà, sáà eré ti parí. Òtútù ti mú ní Becontree Heath, ilẹ̀ gbogbo tutù. Olúdayọ̀ ní kí Morónkẹ́ fún òun ní ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti kóòtù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí yóò rí i. Ó dúró ní àárín pálọ̀. Kò fẹ́ jókòó. Ọmọ́lẹ́wà gbé fóònù náà sí iwájú ẹnu rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ kejì di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú.

Wọ́n gbọ́ ariwo àga, ìwúkọ́ àwọn àgbàlagbà, ohùn Ṣìfáwù tó ní, "Ó ti ṣe tán, sà."

Ó sọ ọ́. Kò ka ìwé. Ó bẹ̀rẹ̀ láti aago mẹ́ta àbọ̀ tí wọ́n fọn fèrè, ó sọ ibi tí òun jókòó sí, ibi tí ògiri wà, gíga rẹ̀, bí àwọn ènìyàn ṣe tò lórí rẹ̀ tí wọ́n ń ju ẹsẹ̀ wọn. Ó sọ ìṣẹ́jú tí ó wó. Ó sọ pé láti apá àríwá ló ti kọ́kọ́ tẹ̀, ó sì fa èyí tó kù lọ. Ó sọ ohun tí wọ́n sọ sí òun létí, ó sì dárúkọ ara rẹ̀ pé òun ni òun gbọ́ ọ, tí òun sì gbà. Ó ka àwọn ìṣẹ́jú méjìlélógún náà lẹ́sẹẹsẹ, ohun tí òun sọ nínú wọn, àti ohun tí òun rí nínú wọn tí òun kò sọ. Àwọn ọkùnrin tó ń fi ọwọ́ gbẹ́ bíríkì. Ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù kan tó gbé àwọn kan lọ. Obìnrin kan tó ń sáré la àárín pápá kọjá nígbà tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù lọ, tí òun sì sọ lórí rédíò pé "ẹnì kan wọ pápá."

Nígbà tó dé ibẹ̀, ẹnì kan bú sẹ́kún nínú kíláàsì náà. Ó dúró, ó jẹ́ kí ẹkún náà lọ, kó tó tẹ̀ síwájú.

Nígbà tó parí, wọ́n gbọ́ tí ẹsẹ̀ ń lọ, ilẹ̀kùn ń ṣí; ó hàn gbangba pé àwọn kan ń jáde. Lẹ́yìn náà ni ohùn ìyá arúgbó kan sún mọ́ fóònù.

"Ọ̀gbẹ́ni rédíò. Ọmọ tèmi wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé lọ́jọ́ náà. Ó ga. Ẹ ní ẹ rí gbogbo rẹ̀. Ṣé ẹ rí i?"

Olúdayọ̀ tẹ orí sún mọ́ fóònù.

"Rárá, ìyá mi," ni Olúdayọ̀ wí. "Mi ò rí i. Ibi tí mo wà jìnnà, eruku sì pọ̀. Mi ò lè sọ fún yín pé mo rí i."

"Ó dáa," ni ìyá náà wí. "Àwọn tó kù máa ń ní àwọn rí i."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣìfáwù gba fóònù, ó ní, "Ẹ ṣeun, sà," ó sì pa á.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ènìyàn mẹ́ta pe Olúdayọ̀ láti ìlú náà. Àwọn méjì fẹ́ kó tún apá kan sọ, ó sì tún un sọ fún wọn. Ẹnì kẹta jẹ́ ọkùnrin tí inú ń bí. Ó bú u fún bíi ìṣẹ́jú márùn-ún láìsinmi. Olúdayọ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò gbèjà ara rẹ̀. Nígbà tí èémí ọkùnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ó bi í pẹ̀lẹ́ pé kí ni orúkọ ẹni tó kú nílé wọn. Ọkùnrin náà dárúkọ àbúrò rẹ̀.